Anjanath Kò Jẹ́ Kí N Kọjá

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Under G ni mò ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ọ̀rẹ́ mi tó lọ ṣe àgùnbánirọ̀ ló fi Monster Hunter: World, géèmù tí a ti ń dẹ ẹran ńláńlá, sílẹ̀ fún mi. Àwọn ẹran àkọ́kọ́ kò yọ mí lẹ́nu. Ìgbà tó kan Anjanath, ẹran ńlá tó ń tu iná, ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ìgbà 11 ni mo ti lọ bá a, ìgbà 11 náà ni mo kùnà. Mo wá ibi tí mo ti lè dín líle géèmù náà kù, n ò rí i. Ṣé kò sí ni? – Akẹ́kọ̀ọ́, Under G

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kò sí. Capcom tó ṣe é ní Osaka, ní Japan, kò fi irú rẹ̀ sí i. Anjanath tó ń lé ọ kiri yẹn náà ló lé èmi.

Ọdẹ ni bàbá mi. Apá Ìkòyí-Ilé ló máa ń dẹ. Bí ẹran bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lóru, kì í gbé ohun tó gbé lánàá padà sínú igbó. Yóò jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, yóò da gbogbo inú àpò ọdẹ sílẹ̀, yóò sì máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan: ètù yìí ti tutù, okùn yìí ti ń já. Ohun tí géèmù yìí ń béèrè lọ́wọ́ rẹ gan-an nìyẹn. HR (Hunter Rank, ipò ọdẹ) tí o rí tó ń gòkè yẹn kì í fi agbára kankan kún ara ọdẹ rẹ. Bí ara rẹ̀ ti rí lọ́jọ́ tó gúnlẹ̀ sí Astera, ibùdó àwọn ọdẹ inú géèmù, ló ṣì rí lónìí. Ohun ìjà, ìhámọ́ra, oúnjẹ tó jẹ kó tó jáde àti ohun tí ìwọ fúnra rẹ mọ̀ nípa ẹran náà, àwọn wọ̀nyí ló ń yí padà.

Nítorí náà, fi Anjanath sílẹ̀ ná. Iṣẹ́ tí ìtàn géèmù gbé lé ọ lọ́wọ́ kò ní sá lọ. Gba inú àwọn iṣẹ́ tí kì í ṣe dandan, kí o lọ sí ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Wildspire Waste, kí o wá Jyuratodus, ẹja ńlá tó ń gbé inú ẹrẹ̀. Pa á, tún un pa, kó ohun tó bá já lára rẹ̀ lọ fún alágbẹ̀dẹ, kí ó fi rọ ohun ìjà olómi fún ọ. Kò sí ohun tó ń dun Anjanath tó omi. Yìnyín tẹ̀ lé e. Ohun ìjà oníná ni kí o má gbé lọ rárá, nítorí iná ni òun fúnra rẹ̀ ń tu lẹ́nu. Àwọn armor sphere, ohun tí a fi ń mú ìhámọ́ra le sí i, tó wà nínú àpótí rẹ ńkọ́? Lò wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọmọdé tí mo mọ̀ ni kì í fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n ń tọ́jú wọn de ọjọ́ tí kì í dé.

N ó sọ bí èmi ṣe mọ ẹran yìí. Alẹ́ ọjọ́ kan, mo mú bírò àti ìwé kékeré, mo tọpa rẹ̀ nínú igbó Ancient Forest, n kò sì fi idà kàn án. Mo kàn ń sá, mò ń wò ó. Kó tó tu iná, ohun kan á ṣí lórí imú rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ á sì pọ́n bí irin tí alágbẹ̀dẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ni iná tẹ̀ lé e. Ibi tí a ti ń kú ni pé ẹ̀yìn ni ẹsẹ̀ ń gbé wa sá sí, níbi tí iná á ti bá wa. Sá wọlé sí i, kí o yà sí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn náà ni kí o máa gé. Bó bá gbà á tó, á ṣubú, orí rẹ̀ á wá balẹ̀ síwájú rẹ.

Bí iná bá mú ọ, yí gbirigbiri nílẹ̀, tàbí kí o jẹ èso Nulberry, tàbí kí o sá bọ́ sínú omi. Po oyin mọ́ Potion, oògùn tó ń wo ọgbẹ́, ó di Mega Potion tó lágbára jù ú lọ. Má ṣe gbàgbé oyin nínú igbó. Ṣùgbọ́n má mu ún níwájú rẹ̀, nítorí mímu ń gba àkókò, kò sì ní dúró dè ọ́. Jẹun kó o tó lọ. Bí o bá dákú, tí àwọn ológbò inú géèmù fi ọmọlanke gbé ọ dé àgọ́, agbára oúnjẹ yẹn ti lọ nìyẹn. Bí o bá rí i tó ń tiro, tọ̀ ọ́ lọ síbi tó ń sùn, gbé àgbá ètù sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀. Ìlọ́po méjì ni ìkọlù àkọ́kọ́ lára ẹran tó ń sùn.

O lè pe àwọn ẹlòmíràn fún ìrànlọ́wọ́ pẹ̀lú SOS bí o bá ní dátà. Àmọ́ ẹ̀mí ẹran náà á le sí i, ìdákú mẹ́ta tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ sì jẹ́ ti gbogbo yín pọ̀. Ohun tó sún mọ́ ohun tí o ń wá ni àwọn ohun ìjà Defender àti ìhámọ́ra Guardian tí Capcom fi kún géèmù náà lẹ́yìn tí Iceborne, àfikún ńlá rẹ̀, jáde ní 2019. Wọ́n lágbára, ẹran á tètè kú. Èmi ò fẹ́ kí o lò wọ́n, torí o ò ní mọ ọ̀fun tó ń pọ́n yẹn láéláé, ẹran tó le jù ú lọ sì ń bọ̀ níwájú.

Ohun kan kù. Ìṣẹ́jú 50 ni gbèdéke ọ̀pọ̀ iṣẹ́, géèmù náà kì í sì í fi nǹkan pamọ́ láàárín iṣẹ́. Mo ti lo ìṣẹ́jú 44 rí ní Sábó níbí, ẹran ti ń tiro, iná lọ. Mo jókòó sínú òkùnkùn, páàdì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Wo epo inú jẹnẹrétọ̀ kí o tó jáde.

Ìbéèrè: Ẹ̀lùbọ́ ni mò ń tà lọ́jà Akẹ̀sán, l'Ọ́yọ̀ọ́. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, ń ṣe géèmù yìí. Ẹran kan ṣoṣo ló ń pa láti ọjọ́ Ajé. Ó ní òun ń wá “ruby”. Ṣé nǹkan ò ti ń ṣe ọmọ yìí? – Ìyá Ọ̀yọ́

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Nǹkan kan ò ṣe é. Òkúta iyebíye ni ruby yẹn, ara Rathalos ló wà, dírágónì ńlá tó ń fò, tó ń tu iná, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n gan-an kó tó jáde, láìsí i alágbẹ̀dẹ kò ní parí ohun tí ọmọ yín fẹ́. Ẹ̀tọ́ yín ni láti sọ pé ó tó. Kìkì pé kí ẹ má pa géèmù náà mọ́ ọn lójú láàárín ọdẹ, iṣẹ́ ló máa ṣòfò. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀yọ kan sí i, kó wá lọ ka ìwé. Kò lè ju ìṣẹ́jú 50 lọ. Ní ti ọjọ́ orí, àwọn ará Amẹ́ríkà ní kí ọmọ tó 13, àwọn ará Yúróòpù ní 16. Ẹ jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ fi ojú ara yín wò ó.

Ìbéèrè: HR mi ti dúró sí 29, kò lọ mọ́, mo sì ń pa ẹran lójoojúmọ́. – Owódé, Ọ̀yọ́

Ìdáhùn: Ìlẹ̀kùn ló tì. Lọ wo àwọn iṣẹ́ dandan, wàá rí ọ̀kan tó ní kí o pa Bazelgeuse méjì, àwọn tó ń da ìpẹ́ tó ń bú gbàmù sílẹ̀. Àwọn ohun tí o ti ń pa láti ọjọ́ yìí kò ṣòfò, wọ́n ti ń kó jọ. Bí o bá parí iṣẹ́ yẹn, HR rẹ á fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlẹ̀kùn mìíràn ń bẹ ní 49. Kirin, ẹran bí ẹṣin oníwo tó ń sọ mànàmáná, ló wà níbẹ̀.