Èsì: "ed" tó ń dá dúró lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùkọ́. Ẹ ní "wọ́kẹ́ẹ̀dì" làwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ń pe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì "walked", tí wọ́n ń sọ "ed" tó ń fi hàn pé ìṣe ti kọjá di sílébù ọ̀tọ̀, ẹ sì béèrè bí ẹ ṣe lè tún un ṣe. Ẹ má tíì kọ òfin kankan sójú pátákó. Ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ kan gògóńgò, kí wọ́n fa "sss", lẹ́yìn náà "zzz": "zzz" nìkan ló máa gbọ̀n lábẹ́ ìka wọn. Bí ìró tó kẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe, kí "ed" tó wọ̀ ọ́, kò bá gbọ̀n, "t" ni "ed" ń dún: "walked", "washed". Bó bá gbọ̀n, "d" ni: "played". Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti fi ìró "t" tàbí "d" parí tẹ́lẹ̀, bíi "wanted" àti "needed", nìkan ni sílébù tuntun ń yọ. Ẹ jẹ́ kí ìwé kíkà dúró ná, lẹ́tà gan-an ló ń tàn wọ́n jẹ.