Ẹ Dá Eré Dúró, Kí Ọmọ Náà Dìde

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ń darí ẹgbẹ́ eré oníṣe kékeré kan ní àdúgbò wa ní Bàrígà. Lóṣù tó kọjá, a ṣe eré lórí ìdìbò. Ọ̀dọ́kùnrin kan ta káàdì ìdìbò rẹ̀, ojú rẹ̀ rí màbo, ó ronú pìwà dà, ó wá ń gba àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níyànjú. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n bá tiwọn lọ. Lọ́sẹ̀ kejì, mo bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rí kọ́, gbogbo wọn ní "kéèyàn má ta káàdì ẹ̀." Mo ní ta ni kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa? Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n sọ fún mi pé irú eré kan wà tí òǹwòran máa ń dìde wọ inú ẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ṣé ó máa ń kọ́ ọmọ ní nǹkan lóòótọ́?
(Olùdarí eré, Bàrígà)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú akitiyan. Eré tí ẹ ṣe kò burú, àmọ́ ẹ ti parí rẹ̀ kí àwọn ọmọ tó jókòó. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ti ṣẹ̀, ó ti jìyà, ó ti ronú pìwà dà, ó ti wàásù. Kí ló wá kù fún òǹwòran láti ṣe ju kó pàtẹ́wọ́ lọ? Àwọn ọmọ wa kò ṣàìní ìmọ̀ràn. Wọ́n ń gbọ́ ọ nílé, wọ́n ń gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń gbọ́ ọ lórí ìlà nílé ìwé láràárọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kò tíì ṣe rí ni kí wọ́n dúró níwájú ẹni tó ní agbára, kí wọ́n béèrè ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn, kí ẹni náà sì kọ̀, kí wọ́n má sá.

Wo ìdìbò ọdún 2023. Orúkọ 7,060,195 ló wà nínú ìwé ìdìbò ní ìpínlẹ̀ Èkó. Lọ́jọ́ ìdìbò ààrẹ, àwọn tí INEC yẹ káàdì wọn wò tí wọ́n sì gbà láyè láti dìbò jẹ́ 1,347,152. Ṣé àwọn yòókù kò gbọ́ pé ó yẹ kéèyàn dìbò ni? Wọ́n gbọ́. Rédíò ń pariwo ẹ̀ tọ̀sán tòru. Ẹlòmíràn bẹ̀rù, ẹlòmíràn kò rí káàdì ẹ̀ gbà, àìmọye ló sì ti gbà lọ́kàn ara wọn pé kò sí ohun tí ohùn àwọn lè yí padà. Irú ọkàn bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ ìwàásù mọ́. Àfi kó dán nǹkan wò fúnra rẹ̀.

Ọkùnrin ará Bràsíìlì kan, Augusto Boal, ló gbé irú eré tí o ń wí yìí kalẹ̀. Forum theatre ni wọ́n ń pè é. Rio de Janeiro ni wọ́n bí i sí ní 1931. Ìjọba ológun ilẹ̀ rẹ̀ mú un ní 1971, wọ́n fìyà jẹ ẹ́, ó sì di èrò ilẹ̀ òkèèrè. Ní 1973, ó wà ní Perú, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní mọ̀ọ́kọmọ̀ọ́kà. Nígbà yẹn, òǹwòran á jókòó sọ ohun tó yẹ kí òṣèré ṣe, òṣèré á sì ṣe é. Obìnrin kan wá mú ìmọ̀ràn wá lórí ọkọ kan tó tan ìyàwó rẹ̀ jẹ. Àwọn òṣèré gbìyànjú ẹ̀ títí, obìnrin yìí ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lòun wí. Boal ní kó kúkú gòkè wá ṣe é fúnra rẹ̀. Obìnrin gòkè, ó gbá ìgbálẹ̀ mú, ó sì fi lu ẹni tó ń ṣe ọkọ. Ibẹ̀ ni ojú Boal ti là pé ẹni tí ọ̀ràn dùn ló mọ bí òun ṣe fẹ́ sọ ọ́.

Ní 1992, àwọn ará Rio dìbò yan Boal sí ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú wọn. Ó ń gbé eré káàkiri àdúgbò, ohun tí aráàlú bá rí nínú eré, á gbé e lọ sí ìgbìmọ̀ bí àbá òfin. Òfin 13 ló ti ibẹ̀ jáde, ọ̀kan nínú wọn lórí ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìwòsàn ìlú. (Ẹ̀yin tí ẹ mọ Pópó Àgùdà, níbi tí àwọn tó ti Bràsíìlì padà wálé tẹ̀dó sí l'Ékòó, mọ̀ pé ọ̀nà Bràsíìlì sí Èkó kò ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Inú mi máa ń dùn pé ohun rere tún gba ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa.) Nílẹ̀ wa níbí náà, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ eré oníṣe ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ti ń gbé eré lọ bá àwọn àgbẹ̀ lábúlé láti bí ọdún 1970 lé díẹ̀.

Báyìí ni kí o ṣe é. Kí eré náà má gùn ju bí ìṣẹ́jú 10 lọ, kó sì parí síbi tó burú. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ kò gbọdọ̀ rí ọ̀nà àbáyọ. Atọ́kùn, ìyẹn ẹni tó ń bá òǹwòran sọ̀rọ̀ tó sì ń darí eré, á wá jáde, á bi àwọn òǹwòran bóyá wọ́n ti rí irú ẹ̀ rí, bóyá bó ṣe parí yẹn tẹ́ wọn lọ́rùn. Ẹ óò tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tó bá rí ibi tó yẹ kí nǹkan yí padà á ké "Ẹ dúró!", á gòkè, á gba ipò ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ. Kò gbọdọ̀ gba ipò alágbára o. Ó rọrùn láti sọ kánsẹ́lọ̀ burúkú di ẹni rere lórí ìtàgé, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá délé, kánsẹ́lọ̀ tòótọ́ ṣì wà bó ṣe wà. Kí ẹni tó ń ṣe alágbára má sì tètè gbà. Kó rẹ́rìn-ín sí ọmọ, kó ṣèlérí, kó bínú, kó wo aago. Gbogbo ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún wa ni kó ṣe.

Jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí. Ní gbọ̀ngàn ilé ìwé girama kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, a ṣe eré lórí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà tí wọ́n fi àgádágodo tì. Ọmọbìnrin tó ń bá ìyá rẹ̀ tajà ń wá ẹni tó máa ṣí i. Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ dání ní kì í ṣe ẹjọ́ òun, káńsù ni. Akọ̀wé káńsù ní kó lọ kọ lẹ́tà. Kánsẹ́lọ̀ gbé agbádá jáde, ó ń kánjú lọ síbi ìnáwó, ó ní, "Ta ni bàbá ẹ?" Eré parí síbẹ̀.

Nígbà tí a tún un ṣe, ọmọbìnrin kan ké "Ẹ dúró!" láti ẹ̀yìn. Ó gba ìborùn òṣèré wa, ó wé e mọ́ ìdí, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú." Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ dáadáa. Kánsẹ́lọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ dáadáa ni ẹ́. Dìde, máa lọ sílé, a máa yanjú ẹ̀." Ọmọ náà ní "Ẹ ṣé sà," ó dìde, ó ti ń padà sí àga rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn hó yèè. Èmi ni atọ́kùn, mo ní, "Ṣé o rí ohun tí o wá gbà?" Ó ní rárá. Mo ní kí ló dé tó fi dìde? Ó ní, "Wọ́n ti ní kí n dìde, mà."

A tún un ṣe. Kánsẹ́lọ̀ tún ní kó dìde, ọmọ yìí kò kúrò lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé sà. Ọjọ́ wo, sà?" Kánsẹ́lọ̀ ní láìpẹ́. Ó ní, "Ọjọ́ wo ni kí n sọ fún ìyá mi, sà?" Kánsẹ́lọ̀ bínú: "Ta ni bàbá ẹ gan-an? Ta ló rán ẹ?" Ohùn ọmọ náà wọlẹ̀. Kí ń tó sọ̀rọ̀, ọmọkùnrin kan ti fo àga, ó fa àwọn mẹ́ta mìíràn lọ́wọ́, gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Àwa náà ń bá àwọn ìyá wa tajà níbẹ̀, sà." Òṣèré wa wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Àwọn kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n yé kúnlẹ̀, kí wọ́n yé ṣe "sà, sà." Èmi kò fara mọ́ ọn. Ọmọ tí o bá bọ́ ìkíni lẹ́nu ẹ̀ lórí ìtàgé, kò ní lè lo ohun tó kọ́ níbẹ̀ bó bá délé, torí ìyá rẹ̀ á gbá a létí, kánsẹ́lọ̀ á sì ní kò lẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ á di ti ẹ̀kọ́ ilé, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ á sì wà ní títì. Jẹ́ kó kúnlẹ̀, kó kí wọn kú iṣẹ́, kó sì béèrè ọjọ́. Ìbéèrè ni kó má jẹ̀ẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Wákàtí kan lo lè lò lórí ìyẹn nìkan, kò pọ̀ jù.

Kí ẹ tó túká, ẹ bi ara yín pé iṣẹ́ ta ni. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ní Àfikún Kẹrin tó ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀: ọjà, gáréèjì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbò, iná ojú pópó, gọ́tà, ìkólẹ̀ àti ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú. Kọ ọ́ sórí pákó gàgàrà kí wọ́n rí i. Ọmọ tó mọ̀ pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà wà nínú òfin kò ní máa bẹ̀bẹ̀ fún un bí ẹni tọrọ àánú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán mà. Ilé ìwé ọmọ mi fẹ́ kó kópa nínú eré kan tí wọ́n á ti máa bi ìjọba léèrè ọ̀rọ̀. Èmi kò fẹ́ òṣèlú. Láti ìgbà tí àwọn sójà ti yìnbọn níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ṣe ìwọ́de ní Lẹ́kí ní 20 Oṣù Kẹwàá 2020, ọkàn mi kì í balẹ̀ bí ọmọ bá ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ ìlú. Ṣé kí n gbà?
(Ìyá ọmọ mẹ́ta, Sùúrùlérè)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, mi ò ní sọ fún yín pé ìbẹ̀rù yín kò nídìí. Ìyá tó bá rántí ọjọ́ yẹn tí àyà rẹ̀ kò já kò sí ní Èkó yìí. Ó sì ti pẹ́ tí ìjọba ti ń bínú sí eré: ní 1964, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ eré Hubert Ògúndé, ó di 1966 kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ lọ bá olùkọ́ náà, kí ẹ bi í. Ṣé wọ́n á dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan? Ṣé wọ́n á pe orúkọ èèyàn tó wà láàyè? Ta ló ń sanwó fún eré náà? Ṣé inú ọgbà ilé ìwé ni? Bó bá jẹ́ pé olóṣèlú kan ló ń náwó sí i, ẹ má gbà, èmi náà kò ní gbà fún ọmọ mi. Àmọ́ bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ gọ́tà àti ìkólẹ̀, tí olùkọ́ dúró tì wọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó ṣe é. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọmọ tí kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, lọ́jọ́ tí inú bá bí i, ariwo nìkan ló máa mọ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ lọ wò wọ́n. Bí wọ́n bá ní kí òbí dìde, ẹ dìde.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ọmọ ọdún 16 ni mí. A ṣe irú eré yẹn nílé ìwé wa lórí gọ́tà iwájú ilé wa tó dí. Ó dùn gan-an. Ṣùgbọ́n mi ò tíì lè dìbò. Ṣé mo lè lọ sí káńsù lóòótọ́, àbí eré ni gbogbo ẹ̀?
(Ọmọ ilé ìwé, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o lè lọ. Ọdún 18 wà fún ìdìbò, kò sí fún ìbéèrè. (Bí o bá sì pé 25, o lè du ipò aṣòfin ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó tàbí ní Ilé Aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní 31 Oṣù Karùn-ún 2018 ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀, torí ọdún 30 ni tẹ́lẹ̀.)

Má dá lọ. Kọ́kọ́ bá àwọn òbí rẹ sọ ọ́, kí ẹ jọ lọ sí ìpàdé CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò yín, torí ẹnu CDA ni káńsù ti máa ń kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní wọ́n ti gbé gọ́tà náà fún agbaṣẹ́ṣe, ẹ béèrè iye owó rẹ̀ àti ọjọ́ tó yẹ kó parí. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 fún ilé iṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti fèsì irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, kò sì ní kí ẹni tó béèrè sọ ìdí tó fi ń béèrè. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà: orúkọ òpópónà yín, ibi tí gọ́tà náà ti dí, àwòrán rẹ̀ bí ẹ bá ní. Kí àwọn ará ilé tó wà lójú pópó náà fọwọ́ sí i. Ẹ tẹ ẹ̀dà méjì, kí ẹ fún wọn ní ọ̀kan, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí èkejì kí ẹ mú un padà wálé. Bí wọ́n bá ní akọ̀wé tó ń lu òǹtẹ̀ kò sí ní ìjókòó, ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tó máa dé.