Èsì: Aláìsàn ibà dín kù, ẹlẹ́jẹ̀ ríru ló kún ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ wa

Ẹ kú iṣẹ́ àánú. Ẹ kọ̀wé pé aláìsàn ibà ti dín kù níbi ìtọ́jú ọ̀fẹ́ yín, pé ẹlẹ́jẹ̀ ríru ló kún ibẹ̀ báyìí. Ẹ dín owó oògùn ibà kù, kí ẹ fi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ẹ sì sọ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ yín ní Ògbómọ̀ṣọ́ di oṣooṣù dípò ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún.

Ẹ ní àwọn àgbàlagbà ló ń wá báyìí, pé wọ́n á gba oògùn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kò sì ní rí wọn mọ́. Oògùn ibà lè tán láàárín ọjọ́ 3, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ẹlẹ́jẹ̀ ríru ń lo tirẹ̀, kódà nígbà tí ara rẹ̀ bá le.

Bí ẹ bá ní nọ́ọ̀sì tí kò ní yẹ̀, àti owó oògùn oṣù mélòó kan lọ́wọ́, ni ìtọ́jú oṣooṣù yìí fi lè ṣeé ṣe. Bí kò bá sí, ẹ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, kí ẹ sì kọ ìwé fún wọn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba.

Káàdì ni mo kà sí pàtàkì jù. Ìyá àgbà á tú ọ̀rá kékeré láti etí ìró, oògùn funfun oríṣi mẹ́ta á wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ kọ orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀ àti ìfúnpá sínú káàdì tí wọn yóò máa mú bọ̀.

Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ bá ti tó 180/120, tí àyà ń dùn ún tàbí tí apá kan ara rẹ̀ rọ, kì í ṣe ti yín mọ́: ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá Bowen tàbí ti LAUTECH lójú ẹsẹ̀.