Ṣé a lè rí aurora láti Àgbádárìgì tí Kp bá dé 9?

Rárá, aurora, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ aláràbarà tó máa ń hàn lójú ọ̀run lálẹ́ nítòsí òpó ayé (ìpẹ̀kun àríwá àti gúúsù), kò ṣeé rí láti Àgbádárìgì, Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìkòròdú, kódà bí Kp bá dé 9 tó jẹ́ òpin rẹ̀.

Kp ni òǹkà tó ń sọ bí ìjì láti inú oòrùn ṣe da òòfà ayé láàmú tó, wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta. Bó bá ṣe ń ga sí i ni aurora ń kúrò nítòsí òpó ayé, tó ń sún wá sọ́dọ̀ wa. Àmọ́ ó níbi tó ń dé. Ní May 2024, wọ́n rí i ní Florida àti Mexico. Ní 1859, ó dé Cuba. Àgbádárìgì jìnnà sí ìyẹn púpọ̀, torí ìtòsí ìlà agbedeméjì òòfà ayé ló wà. Pupa tẹ́ ẹ bá rí lójú ọ̀run lálẹ́ láti Ìkòròdú, iná Èkó lára ìkúukùu ni, tàbí igbó tó ń jó.

Ẹni tó bá wà ní Canada tàbí Norway ni kó máa wo Kp, kó sì wo Bz pẹ̀lú, ìyẹn òǹkà tó ń sọ bóyá òòfà inú afẹ́fẹ́ oòrùn kọjú sí àríwá tàbí gúúsù, torí òun gan-an ló ń ṣílẹ̀kùn fún ìjì náà. Bí Bz bá wà nísàlẹ̀ òdo fún ìgbà pípẹ́, tí afẹ́fẹ́ oòrùn sì ń sáré, kó jáde síta, bí ìkúukùu ò bá bojú ọ̀run. Sátẹ́láìtì tó ń wọn Bz wà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù kìlómítà kan àtààbọ̀ sí ayé, nítorí náà ìkìlọ̀ rẹ̀ kì í sábà ju wákàtí kan lọ.

Ìjì náà ṣì lè kàn wá o: ó lè mú kí GPS ṣìnà díẹ̀.