PlayStation tó ní ojú CD àti èyí tí kò ní: èwo ni kí n rà fún ọmọ mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ti ṣèlérí PlayStation 5 fún ọmọkùnrin mi tó bá yege nínú ìdánwò rẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á ní Ìbàdàn, oríṣi méjì ni wọ́n gbé síwájú mi: ọ̀kan ní ibi tí wọ́n ń ki CD bọ̀, èkejì kò ní. Ẹni tó ń tà á ní kí n mú èyí tí kò ní, pé òun ló dínwó, pé iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe. Ṣé òótọ́ ni? Àbí kí n tilẹ̀ dúró kí owó rẹ̀ wálẹ̀ sí i?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó ọmọ o, mà. Ẹ mú èyí tó ní ojú CD, ẹ má sì dúró de ẹ̀dínwó. Iṣẹ́ mi ni títa àwọn ẹ̀rọ yìí àti títún wọn ṣe, ó sì máa ń dùn mí tí òbí bá fi gbogbo ara náwó sórí èyí tí yóò tún máa náwó lé lórí lọ́dọọdún láìmọ̀.

Òótọ́ lẹni yẹn sọ tó bá jẹ́ ti agbára ẹ̀rọ, agbára kan náà ni wọ́n ní. Àmọ́ owó ara páálí nìkan ló sọ fún yín. Ibi tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà fojú sí kì í ṣe ara páálí rárá.

Nígbà tí PlayStation 3 jáde ní 2006, $599 ni wọ́n ń ta èyí tó wọ́n jù ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan tó ń jẹ́ iSuppli tú u palẹ̀, ó ṣírò iye tí ohun tó wà nínú rẹ̀ ná Sony, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe PlayStation, ó sì dé nǹkan bí $840. Ìyẹn ni pé bí wọ́n ṣe ń tà á ni wọ́n ń pàdánù. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké: Sony mọ̀ pé ẹni tó bá ti gbé ẹ̀rọ náà wọlé yóò máa ra géèmù sí i fún ọdún márùn-ún, mẹ́fà, méje, àti pé ilé-iṣẹ́ yòówù tó bá ṣe géèmù fún un yóò san owó àṣẹ fún àwọn.

Nintendo, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe ẹ̀rọ géèmù, ló kọ́kọ́ mú ọ̀nà yìí le. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ NES lọ sí Amẹ́ríkà ní 1985, wọ́n fi ṣíìpù kékeré kan sínú ẹ̀rọ, wọ́n fi ẹnìkejì rẹ̀ sínú káàtíríìjì géèmù kọ̀ọ̀kan. Tí méjèèjì kò bá dá ara wọn mọ̀, géèmù kò ní ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe géèmù fún un ní láti gba àṣẹ, kó sanwó, géèmù tó sì lè mú jáde lọ́dún kò gbọdọ̀ ju márùn-ún lọ. Nintendo dá ọjà sílẹ̀, ó sì fi ara rẹ̀ ṣe oníbodè: kò sí ẹni tó lè wọlé tà láìsanwó ibodè.

Títí di òní, ètò yẹn náà ni. Ní 2021, nígbà tí Epic Games, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe géèmù, bá Apple ṣẹjọ́ ní California, Lori Wright, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá iṣẹ́ Xbox, ẹ̀rọ géèmù ti Microsoft, jẹ́rìí nílé ẹjọ́ pé àwọn kò jèrè rí lórí títa ẹ̀rọ Xbox. Bẹ́ẹ̀, láti 2001 ni Xbox ti wà lọ́jà. Lórí géèmù tí wọ́n bá tà ní ṣọ́ọ̀bù orí ẹ̀rọ wọn, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n máa ń yọ. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ta ẹ̀rọ ní àdánù o. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni Nintendo ti ń jèrè lórí ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Wii. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò bá sì bọ́ sí i fún máa ń kó ẹrù rẹ̀ ni: ilé-iṣẹ́ Sega pa ẹ̀rọ géèmù rẹ̀, Dreamcast, tì ní 2001, kò sì ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tà mọ́.

Ẹ wá wo ohun tí ojú CD yìí ń ṣe fún yín. Géèmù ńlá tuntun lè tó $70. Tí ọmọ bá rà á lórí CD, tó gbá a títí tó sú u, ó lè tà á, ó lè fi ṣe pààrọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ̀yin náà sì lè ra àlòkù ní ìdajì owó. Nínú CD àlòkù, Sony kì í rí kọ́bọ̀. Ẹ̀rọ tí kò ní ojú CD ti ọ̀nà yẹn pa. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ló kù, ti Sony tó wà lórí ẹ̀rọ náà, iye tí wọ́n bá sì pè é níbẹ̀ lẹ ó san. Ẹ kò lè tún géèmù ọ̀hún tà fún ẹnikẹ́ni. Dátà tún ńkọ́? Géèmù kan lè tó gígábáìtì 100. CD pàápàá máa ń béèrè àfikún láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ẹrù náà sábà máa ń wà lórí rẹ̀.

Láti ìparí 2023 tí Sony ti gbé PS5 tó tín-ín-rín jáde, $50 ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ní Amẹ́ríkà. Ojú CD tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ jẹ́ $80. Ẹni tó bá sọ pé òun yóò fi kún un tó bá yá yóò san ju ti ẹni tó rà á pọ̀ lọ, íntánẹ́ẹ̀tì sì gbọ́dọ̀ wà lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ so ó mọ́ ọn. Èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ sá fún ni tòkunbọ̀ PS5 aláìlójú CD ti 2020. Ìyẹn kò ṣeé so ojú CD mọ́ rárá.

Ní ti dídúró, ayé àtijọ́ ni ìyẹn. PS2 bẹ̀rẹ̀ ní $299 ní 2000, ó sì ti bọ́ sí $99 ní 2009. Owó ṣíìpù inú ẹ̀rọ kì í tètè wálẹ̀ mọ́ báyìí. PS5 olójú CD tó bẹ̀rẹ̀ ní $499 ní 2020, ṣe ni wọ́n fi $50 lé e ní oṣù Kẹjọ 2025. Kí a tó wá sọ̀rọ̀ dọ́là sí náírà.

Owó mìíràn wà tí olùtajà kì í dárúkọ. Kí ọmọ tó lè bá ẹni tó wà nílé mìíràn gbá ọ̀pọ̀ géèmù tí wọ́n ń fowó rà, ó gbọ́dọ̀ san PlayStation Plus, $80 lọ́dún ní Amẹ́ríkà fún èyí tó kéré jù. Ní ọdún márùn-ún, $400 nìyẹn. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó sí pálọ̀ kò ní san án. eFootball àti Fortnite tó jẹ́ ọ̀fẹ́ náà kò béèrè rẹ̀. Ẹ fi ìwọ̀nyẹn bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má ṣe fi nọ́ńbà káàdì báǹkì yín sórí ẹ̀rọ náà. Ẹ ra gift card oníye pàtó, kí ẹ sì ṣí àkáǹtì ọmọdé fún un lábẹ́ tiyín, ẹ lè fi gbèdéke sí iye tó lè ná lóṣù. Orílẹ̀-èdè tí ẹ bá fi ṣí àkáǹtì kò ṣeé yí padà, ti orílẹ̀-èdè yẹn náà sì ni gift card gbọ́dọ̀ jẹ́. Tí ẹni tó ń tà á bá ti fi àkáǹtì tirẹ̀ sínú rẹ̀, tó ní òun ti kó géèmù sí i fún yín, ẹ ní kó yọ ọ́ kúrò lójú yín kí ẹ tó sanwó.