Kí ló dé tí róbọ́ọ̀tì wa kì í padà síbi tó ti gbéra?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Àkúrẹ́. Róbọ́ọ̀tì onítáyà méjì kan ṣoṣo, tí Arduino (pátákó kọ̀ǹpútà kékeré) ń darí, la ní fún ọmọ 24. A ní kó rìn yí igun mẹ́rin po, àmọ́ kì í padà síbi tó ti gbéra. Àwọn ọmọ ní ó ti bàjẹ́. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó má bàjẹ́ rárá. Irú róbọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀ kò mọ dígírì 90, àkókò nìkan ló mọ̀. Bí ẹ bá kọ delay(600) (àṣẹ tó ń sọ bí yóò ti pẹ́ tó kí àṣẹ tó kàn tó bẹ̀rẹ̀) síbi tó ti ń yà sọ́tùn-ún, táyà òsì yóò yí fún àkókò yẹn (1000 ni ìṣẹ́jú àáyá kan), ì báà dé igun, ì báà kọjá rẹ̀. Bátìrì tó kún á gbé e kọjá, èyí tó ti ń rẹ̀ á dá a dúró lọ́nà. Dígírì 5 péré ní igun kọ̀ọ̀kan ti di 20 kó tó parí. Eruku ọyẹ́ náà a máa mú táyà yọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo bátìrì. Bó bá jẹ́ 9V onígun mẹ́rin yẹn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀: agbára rẹ̀ kò tó mọ́tọ̀, Arduino á máa kú, á máa jí. 18650 (bátìrì lithium tó ṣeé ṣáàjì) méjì tí a tò tẹ̀léra sàn jù, torí L298N (pátákó tó ń fún mọ́tọ̀ ní iná) fúnra rẹ̀ ń jẹ tó 2V. Wáyà GND (ti ẹ̀gbẹ́ òdì) ti bátìrì àti ti Arduino gbọ́dọ̀ pàdé. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa ṣáàjì rẹ̀ o, kì í ṣe ọmọ. Nígbà tí NEPA bá mú iná wá ni kẹ́ ẹ ti ṣe é.

Ẹ wá fi àṣìṣe yẹn kọ́ wọn. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya igun mẹ́rin sílẹ̀. Kí ọmọ kan jẹ́ róbọ́ọ̀tì, kí èkejì máa ka àṣẹ: “rìn, yà sọ́tùn-ún.” Bí ó bá ti sú ọmọ tó ń kà á láti tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹrin, òun fúnra rẹ̀ ni yóò béèrè ọ̀nà àbùjá, ẹ sì fi for (àṣẹ tó ń tún nǹkan ṣe ní iye ìgbà tí a bá fẹ́) hàn án.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ int akokoYiya = 600; (int ni nọ́ńbà odidi, akokoYiya ni orúkọ tí a fún un) sókè pátápátá nínú àwọn àṣẹ yín, kí ẹ sì fi orúkọ yẹn rọ́pò 600 nínú delay. Ẹ má fi àmì ohùn sí orúkọ náà, Arduino IDE (ibi tí ẹ ti ń kọ àṣẹ) á pariwo “stray”, pé òun rí àmì tí òun kò mọ̀. Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́fà, ìṣẹ́jú 10 lọ́dọ̀ róbọ́ọ̀tì fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ibi tí yóò dúró sí, kí wọ́n tó fi 50 kún iye náà tàbí yọ ọ́ kúrò. Bí iye tó bá a mu lónìí bá tún ṣì í lọ́la, nọ́ńbà kan yẹn nìkan ni kí wọ́n pààrọ̀.