Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tíì fọ́ ògiri yẹn

Àǹtí wa ní Manchester, ẹ kú òtútù o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ, mo tún un kà, kí n má baà dáhùn ohun tẹ́ ò bi mí. Ilé bàbá yín ní Ìsọ̀kùn, ní Iléṣà, ilé onípásẹ́ẹ̀jì tí bàbá kọ́ ní 1974, ẹ fẹ́ kí wọ́n fọ́ yàrá méjì tó kọjú sí títì kó di ṣọ́ọ̀bù, kí àbúrò yín sì máa ṣe búrẹ́dì lẹ́yìnkùlé, àbúrò yín wá ní ẹ ò nílò ìwé kankan, pé ilé bàbá yín ni, ilé sì ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí òun, kí ẹ ṣáà ti fi owó bíríkìlà ránṣẹ́. Ẹ ní ṣé bẹ́ẹ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Àbúrò yín ò purọ́ fún yín, ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbà gbọ́ nílé ló sọ, àmọ́ òfin ò wò ó bẹ́ẹ̀. Òfin ètò ìlú ti 1992, tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Decree 88, kì í ṣe ìpìlẹ̀ tuntun nìkan ló kà sí iṣẹ́ tó ń gba àṣẹ. Wíwó ilé wà nínú ẹ̀, yíyí ohun tí wọ́n ń fi ilẹ̀ ṣe padà lọ́nà tó máa kan àyíká wà nínú ẹ̀, gígé igi pàápàá wà níbẹ̀, àti pátákó ìpolówó tẹ́ ẹ bá gbé dúró síwájú ilé. Fífọ́ ògiri iwájú nìkan ti tó láti jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ètò ìlú wá kan ilẹ̀kùn, ká má tíì dé orí ààrò búrẹ́dì rárá.

Èmi fúnra mi ti jẹ ìyà ẹ̀. Ní Ifẹ̀ ni, pálọ̀ iwájú ilé màmá mi ni mo fẹ́ sọ di ibi tá a ti máa ta ẹja tútù, Èkó ni mo wà nígbà yẹn, bíríkìlà ní ọ̀sẹ̀ kan ni, mo ní ó dáa, ọjọ́ kẹta ni màmá pè mí pé wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí ara ògiri. Mi ò bínú sí àwọn tó kọ ọ́, èmi ni mo jẹ̀bi. Ohun tó dùn mí ni pé ògiri ti lọ, owó bíríkìlà ti lọ, fíríísà méjì tí mo ti rà jókòó sí ilé ọ̀rẹ́ mi fún oṣù mẹ́rin láì pa kọ́bọ̀, mo tún wá sanwó fún ẹni tó máa ya pláànù ilé tá a ti fọ́ ìdajì ẹ̀, mo san owó ìtanràn lé e. Ká ní mo lọ síbẹ̀ kó tó di pé a gbé òòlù, gbogbo ẹ̀ ò bá má tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí mo ná. Ìdí tí mo fi ń kọ gígùn nìyẹn, ẹ fojú fò ó bó bá sú yín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látinú ilé, torí àwọn ẹlòmíràn á sáré ní kí ẹ lọ sí ọ́fíìsì, ọ́fíìsì kọ́ ni yóò dá yín dúró, ẹbí ni. Bàbá ti relé, ẹ ò sì sọ pé bàbá kọ ìwé ìhágún. Lábẹ́ àṣà wa, ilé náà ti di ti ẹbí, dáwódù ló wà nídìí ẹ̀, àmọ́ dáwódù nìkan ò lè dá a yí. Ẹ sọ pé ìyá méjì ni, ìyẹn ni pé ìdí-igi méjì ló wà níbẹ̀, ẹ fẹ́ kí ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ ìyá kejì fọwọ́ sí ìwé pé àwọn mọ̀ sí i, pé yàrá méjì báyìí ló máa di ṣọ́ọ̀bù, pé owó rẹ́ǹtì ẹ̀ báyìí la ó ṣe máa pín in. Kí lọ́yà kọ ọ́, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i, kí fọ́tò wà lára ẹ̀. Mo ti rí ibi tí pláànù ti jáde, tí àpúrúfù, ìyẹn ìwé àṣẹ iṣẹ́, ti jáde, tí ìyàwó kékeré fi lẹ́tà kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì pé àwọn ọmọ òun ò mọ̀ nípa ẹ̀, iṣẹ́ dúró títí di òní, koríko ti hù nínú ṣọ́ọ̀bù. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kó dúró dáadáa pátápátá, kí ẹ gba letter of administration, ìwé tó fún yín láṣẹ láti bójú tó ohun tí bàbá fi sílẹ̀, ní ilé ẹjọ́ gíga, ó máa ń pẹ́ díẹ̀, àmọ́ báńkì àti ọ́fíìsì ilẹ̀ ló máa ń tẹ́ lọ́rùn.

Ẹnì kan tó dá sí ọ̀rọ̀ yín nísàlẹ̀ ní ẹ ò lè ṣe nǹkan kan torí bàbá ò ní C of O, ìwé ẹ̀rí onílẹ̀ tí ìjọba ń fúnni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 29 oṣù Kẹta 1978, ilé bàbá yín ti wà níbẹ̀ ní 1974, ilẹ̀ tí wọ́n ti kọ́lé sí ṣáájú ọjọ́ yẹn, òfin kà á sí pé ìjọba ti fún onílé ní ẹ̀tọ́ sí i. Ẹ máa nílò ohun tó fi hàn pé ilé ti wà nígbà náà, ìwé tí àwọn tó ta ilẹ̀ fún bàbá kọ, rìsíìtì owó ilé tí wọ́n ń san fún káńsù láyé àtijọ́, ẹ lọ wo inú àpótí páànù abẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá, ibẹ̀ ló máa ń wà.

Ọ́fíìsì wá kù. Town planning ìjọba ìbílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, ìjọba ìbílẹ̀ méjì ló sì wà láàárín ìlú Iléṣà, East àti West, kí àbúrò yín wádìí dáadáa èyí tí ilé yín bọ́ sí kó má baà lọ san owó síbi tí kì í ṣe tiwọn. Ohun tó bá ju agbára wọn lọ ni wọ́n á darí sí Òṣogbo, sí mínísìrì tó ń bójú tó ilẹ̀ àti ètò ìlú ní Abẹ́rẹ̀. Ẹ dákun, ẹ má gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yín tó kọ́lé sí Lẹ́kí ní Èkó. Láti 2003 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ti dájọ́ pé ọ̀rọ̀ ètò ìlú, ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni, ohun tí Èkó ń gbà àti iye tí Èkó ń gbà, ti Èkó ni. Bó bá sì jẹ́ pé ojú títì ìjọba àpapọ̀ nilé wà, bíi títì Ifẹ̀ sí Iléṣà sí Àkúrẹ́, ẹ bi wọ́n léèrè dáadáa nípa ibi tí ààlà títì dé, torí town planning pàápàá lè fọwọ́ sí i kí àwọn tó ni títì wá ní inú ilẹ̀ àwọn ni pèpéle yín wà.

Ohun tí wọ́n máa béèrè ò le. Sọ́fè tí sọ́fíyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ ṣe, tí ẹ̀dà ẹ̀ ti wọ ọ́fíìsì sọ́fíyọ̀ ìjọba ní Òṣogbo. Pláànù ilé bó ṣe wà báyìí àti bó ṣe máa rí lẹ́yìn iṣẹ́, méjèèjì, kí ẹni tó ní òǹtẹ̀ ARCON, ẹgbẹ́ tó ń fún àwọn ayàwòrán ilé láṣẹ, lù ú, bí ẹ bá sì fẹ́ gbé òkè lé e lọ́jọ́ iwájú ẹ máa nílò ẹ́ńjínnà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àwọn tó ń fún ẹ́ńjínnà láṣẹ. Ìwé owó orí. Ìwé ilẹ̀ tàbí ìwé ẹbí tí mo sọ lókè. Lẹ́yìn náà wọ́n á wá wo ilé fúnra wọn, ohun tí wọ́n sì máa ń wò ni ibi tí mọ́tò oníbàárà máa dúró sí, gọ́tà, ibi tí omi ìdọ̀tí ń lọ, ṣalanga àti kànga bó ṣe jìnnà síra, àti àyè tó wà láàárín yín àti ilé kejì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àbúrò yín ya pèpéle bo gọ́tà, ohun tó ń fa ìjà jù ní Iléṣà nìyẹn báyìí, láti ìgbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ti di Yunifásítì Iléṣà ní 2022 gbogbo ojúde ló fẹ́ di ṣọ́ọ̀bù.

Búrẹ́dì ni mo bẹ̀rù fún yín. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má da á pọ̀ mọ́ ti ṣọ́ọ̀bù nínú fọ́ọ̀mù kan. Ṣọ́ọ̀bù ìrẹsì, èèyàn díẹ̀ ló máa tako ó. Ààrò, èéfín, jẹnẹrétọ̀ aago mẹ́ta òru, àpò ìyẹ̀fun nínú pásẹ́ẹ̀jì, aládùúgbò kan máa kọ lẹ́tà, wọ́n sì lè má fọwọ́ sí ohun tẹ́ ẹ béèrè torí ó ń da àdúgbò láàmú. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ẹ ní kí wọ́n fi ìdí ẹ̀ sínú ìwé, ẹ má gba ti ẹnu. Èrò tèmi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ gba ti ṣọ́ọ̀bù, kí àbúrò yín wá ilẹ̀ kékeré sí ẹ̀yìn ìlú fún ààrò, kó máa gbé búrẹ́dì wá tà ní iwájú ilé. Bó bá sì di pé ó ń wé e sínú ọ̀rá tó ní orúkọ, NAFDAC, àwọn tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, náà wà ńbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ìwé òfin wa ti 1999 ti fi ìṣàkóso ṣọ́ọ̀bù, kíọ́sìkì, ilé oúnjẹ, ilé búrẹ́dì àti ibi ìfọṣọ sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, torí náà owó kékeré ọdọọdún wà tẹ́ ẹ máa san fún wọn lẹ́yìn àpúrúfù, àti ti sàìnbọ́ọ̀dù. Ọ̀tọ̀ nìyẹn, ọ̀tọ̀ ni ti town planning, rìsíìtì ọ̀kan ò bo èkejì.

Bẹ́ ẹ ò bá lè wá, ẹ ṣe power of attorney, ìwé tẹ́ ẹ fi fún ẹlòmíràn láṣẹ láti ṣojú yín. Lọ́yà tó wà nílé ni kó kọ ọ́ kó fi ránṣẹ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ lọ fọwọ́ sí i níwájú notary public, lọ́yà tó ní àṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé, ní Manchester níbẹ̀ tàbí níwájú àwọn aṣojú ìjọba wa ní London, òfin ẹ̀rí ti 2011 fún irú èyí ní agbára nílé ẹjọ́. Iṣẹ́ tí ẹ rán ẹni náà nìkan ni kí ẹ kọ sínú ẹ̀ o: kó gba fọ́ọ̀mù, kó fọwọ́ sí i, kó gba àpúrúfù, kó bójú tó iṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ títà wọ inú ẹ̀, kódà bó ṣe ọmọ ìyá yín. Orúkọ tó máa wà lórí fọ́ọ̀mù, orúkọ ẹbí tàbí tiyín ni, kì í ṣe ti àbúrò tó fẹ́ ta búrẹ́dì, mi ò fi bú u, ìwé kì í mọ àbúrò mọ ẹ̀gbọ́n.

Owó wá ńkọ́. Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò ìwé tí ọ́fíìsì fi kọ iye tẹ́ ẹ máa san ránṣẹ́, kí orúkọ yín wà lára ẹ̀, kí wọ́n san án ní báńkì sínú àkáǹtì ìjọba. Ọmọkùnrin kan ti gba owó lọ́wọ́ mi rí pé òun mọ ẹni nínú lọ́hùn-ún, ó mú pláànù tó ní òǹtẹ̀ wá, mo wá fóònù ẹni tó ni òǹtẹ̀, ọ̀gbẹ́ni náà ní òun ò tíì dé Ifẹ̀ láyé òun. Nọ́ńbà máa ń wà lára òǹtẹ̀, ẹ pè é.

Nígbà tí àpúrúfù bá sì jáde, ẹ má lọ tọ́jú ẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ pé ẹ máa ṣe é ní Kérésì tó ń bọ̀ lẹ́yìn-ọ̀la, nínú òfin 1992 yẹn ọdún 2 ló ní, bí iṣẹ́ ò bá tíì bẹ̀rẹ̀ láàárín ẹ̀ ẹ máa lọ tún un ṣe.

Fún ẹni tó bi mí nísàlẹ̀ nípa irú iṣẹ́ yìí ní Ifẹ̀, ohun kan náà ni, àmọ́ tìrẹ tún ní ìka kan lé e torí o ní agbègbè Ẹnuwá, nítòsí ààfin, ni. Ilẹ̀ Ifẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́ ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 tí àwọn orí idẹ fi jáde, iṣẹ́ ìkọ́lé náà ni wọ́n ń ṣe ní Ìta Yemòó ní 1957 tí àwọn ère idẹ mìíràn fi jáde. Bí ṣọ́bìrì bá kan àpáàdì tí wọ́n tò ní ẹ̀gbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, dá iṣẹ́ dúró, lọ sọ fún wọn ní mùsíọ́ọ̀mù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, má jẹ́ kí bíríkìlà kó o sínú kọnkéré.

Àǹtí wa, lálẹ́ òní ẹ pe àbúrò yín, kó ya fídíò ilé látiwájú dé ẹ̀yìn, kó wọn yàrá méjèèjì àti àyè tó wà láàárín pèpéle àti títì, kó wá bẹ dáwódù yín wò ní ọjọ́ Sátidé. Owó bíríkìlà ṣì lè wà lọ́wọ́ yín ná.